Ẹyọ Mẹ́wàá Kò Wọ Àyè Mẹ́jọ

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù tó wà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin yí padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹyọ mẹ́jọ ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹ́lẹ̀. ARCEP, àjọ tó ń mójútó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní kí wọ́n fi 01 síwájú ti oníkálukú, ó sì di ẹyọ mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà kan Kútọ̀nú, ó kan Àjàṣẹ́, ó kan Kétu àti àwọn abúlé tó yí i ká títí dé bodè Ìlárá. Ẹni tó ní fóònù ìgbàlódé lè lo áàpù láti tún nọ́ńbà àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì ní láti jókòó tì í, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti kọ̀ǹpútà orí káńtà àwọn oníṣòwò ni kì í tán bọ̀rọ̀. Ètò tí wọ́n ṣe nígbà tí nọ́ńbà jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ lè jẹ́ pé àyè mẹ́jọ péré ló fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà fóònù. Bí akọ̀wé bá tẹ ẹ̀kẹsàn-án, kọ̀ǹpútà kò ní gbà á. Kí ni akọ̀wé yóò ṣe? Oníbàárà wà níwájú rẹ̀, zémìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà tó gbé e wá, ṣì ń dúró gbowó. Akọ̀wé àárọ̀ á yọ 01 kúrò, á kọ mẹ́jọ tó kù. Akọ̀wé ìrọ̀lẹ́ á kọ nọ́ńbà náà pé pérépéré, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí ni yóò kọ ọ́ sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ oníbàárà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé orúkọ náà ti dàrú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá máa ń pinnu pé òun máa pààrọ̀ ètò náà. Ìpinnu rere ni. Àmọ́ láàárín ìpinnu àti ọjọ́ tí ètò tuntun yóò máa ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni owó àti orúkọ ti lè bàjẹ́.

Ètò tí à ń sọ yìí ni èyí tí ilé ìtura fi ń mọ yàrá tó ṣófo, tí onígbọ̀ngàn àpèjẹ fi ń mọ Sátidé tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀, tí ilé ìwòsàn aládàáni fi ń to àwọn aláìsàn sí ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà, tí àwọn onímọ́tò akérò fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ètò ìgbàyè la ó máa pè é níhìn-ín. Ó lè jẹ́ ètò tí wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọ̀nú, ó sì lè jẹ́ ojú ewé Excel tí ọmọ àbúrò ọ̀gá ṣe nígbà tó wà ní yunifásítì. Àtèyí àtọ̀hún, bó ṣe ń pẹ́ ló ń gbó.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà kò ṣòro láti lóye. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti mọ ibi tó ti máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹra fún un. Ẹni tó bá ń tà tuntun fún wọn kì í sọ èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́: iye ètò àtijọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ dáadáa kò kéré. Ẹni tó fẹ́ díwọ̀n ewu, kó gbé dídúró àti ṣíṣí sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo dídúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí káńtà ló ń lo Windows, Windows sì ní ọjọ́ orí. Microsoft dẹ́kun àtúnṣe sí Windows XP ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ó dẹ́kun ti Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ó sì dẹ́kun ti Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Kọ̀ǹpútà náà kò ní kú lọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ihò tí àwọn olè bá rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò tí wọn kò tíì dí wọlé, ó ti àwọn fáìlì pa, ó sì ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fojú bù ú pé ọjọ́ ìpàdé àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà tó lé ní 19,000 ni wọ́n fagi lé. Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde láti oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò tíì gbà á.

Àpẹẹrẹ tó tún ga jùyẹn wà ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjì òjò dídì ba ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ káàkiri. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fara dà á, wọ́n gbéra padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Southwest Airlines kò lè gbéra. Ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín awakọ̀ òfuurufú àti òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sí ìrìn àjò kò lè bá àyípadà náà rìn. Ó di pé awakọ̀ ń dúró lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó lè sọ ibi tó wà fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìrìn àjò tó sún mọ́ 17,000 ni wọ́n fagi lé, èrò tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló há sọ́nà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà bu ìtanràn 140 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pariwo pé ètò náà ti gbó kí òjò dídì yẹn tó dé.

Ta ló wá ní kí wọ́n sáré pààrọ̀? Bóyá ẹni tí kò gbọ́ ti TSB ni.

TSB jẹ́ báńkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2018, ó kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kúrò lórí ètò tó ń yá lò lọ́wọ́ báńkì Lloyds, ó kó wọn sórí ètò tuntun ti ọ̀gá rẹ̀ tó wà ní Sípéènì. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ènìyàn ni kò lè wọ àkáǹtì ara wọn. Àwọn mìíràn wọlé, àkáǹtì ẹlòmíràn ni wọ́n bá. Ọ̀gá àgbà báńkì náà fi ipò sílẹ̀ kí ọdún tó parí, oṣù Kejìlá ni gbogbo nǹkan tó padà sípò, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bu ìtanràn 48.65 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé báńkì náà ní ọdún 2022.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí Kétu pàápàá. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn báńkì ńlá ní Nàìjíríà, Sterling, Zenith àti GTBank lára wọn, pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn oníbàárà fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ráhùn pé áàpù kò ṣí, pé owó kò wọlé, pé owó kò jáde. Àwọn wọ̀nyí ní owó, wọ́n ní àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń sùn síbi iṣẹ́, síbẹ̀ ó gbò wọ́n. Ilé ìtura tí kò ní ju akọ̀wé méjì lọ kò gbọdọ̀ rò pé tòun á lọ wẹ́rẹ́ nítorí pé òun kéré.

Àmọ́ kíkéré náà ní èrè tirẹ̀, èrè náà sì hàn nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tó kọ́ ọgbọ́n nínú ìyà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, US Airways, tó ti dà pọ̀ mọ́ America West, yí ètò ìgbàyè wọn padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí èrò fi ń gba káàdì ìwọkọ̀ dákú, ìlà gùn jáde ní pápákọ̀, àyè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà kò sì jọra nínú ètò méjèèjì. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, US Airways tún fẹ́ wọnú American Airlines, ọ̀gá kan náà, Doug Parker, ló sì wà nídìí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti oṣù Keje ọdún 2015, gbogbo ẹni tó bá gba àyè fún ìrìn àjò tó máa wáyé láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá lọ, inú ètò American ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ètò US Airways wá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ọjọ́ ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá lọ. Nígbà tí ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá pé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tí wọ́n ní láti gbé láti inú ètò kan sí èkejì. Ọjọ́ náà lọ láìsí wàhálà tó tó nǹkan.

Ohun tí ilé ìtura ní Kétu lè ṣe gan-an nìyẹn, kò sì gba owó ńlá. Ká sọ pé oṣù Karùn-ún ni wọ́n ra ètò tuntun. Wọn yóò mú ọjọ́ kan, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá fún ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ètò àtijọ́ ni wọn yóò kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje sókè, ètò tuntun ni tirẹ̀, láti ọjọ́ tó bá ti pè. Bí oṣù Keje bá fi máa wọlé, ètò àtijọ́ á ti ṣófo fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba àyè tí ẹnì kan ti gbà láti oṣù Kejì fún ìyàwó oṣù Kẹjọ, akọ̀wé á fi ọwọ́ gbé e, á pe oníbàárà náà lórí fóònù, á bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí. Ìpè yẹn nìkan máa ń ṣàfihàn àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kò lè rí.

Ọjọ́ tí wọn yóò mú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní ilé ìtura oníyàrá 12 ni, tí yàrá jẹ́ 10,000 Séfà lálẹ́. Bí ètò tuntun bá dákú ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó ń lọ sílé ọkọ, tí gbogbo yàrá sì kún fún alẹ́ méjì, 240,000 Séfà ló wà lójú ewu, láìka ìtìjú àlejò tó ti Ìmẹ̀kọ tàbí Èkó wá tó bá ẹlòmíràn lórí bẹ́ẹ̀dì tó sanwó fún. Bó bá dákú ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú òjò, tí yàrá mẹ́ta péré lénìyàn, 30,000 ni. Ètò kan náà, àṣìṣe kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n mú ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Kí wọ́n yẹra fún Kérésìmesì, fún Iléyá, fún àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ọmọ Kétu tó wà lókè òkun ń wálé, fún oṣù tí ìsìnkú àgbà pọ̀. Iye tó wà lójú ewu yẹn ni kí wọ́n wá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ìdáàbòbò máa ná wọn: ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, bírò méjì, àti owó àfikún fún akọ̀wé tí yóò máa kọ gbogbo àyè sínú ìwé fún oṣù kan. Nínú ìṣirò báyìí, ìwé àti bírò ló ń jáwé olúborí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní báyìí, inú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn olùtajà máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọ̀gá jókòó sí pẹ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ jáde nínú ètò àtijọ́, wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ di fáìlì kan tí Excel lè ṣí. Ẹnì kan á ṣí i, á wò ó, á tẹ ìfipamọ́, á gbé e fún olùtajà. Nínú ìṣísílẹ̀ yẹn, nǹkan ti lè bàjẹ́. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, Excel á rò pé iye owó tàbí iye ọjà ni. Iye ọjà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, nítorí náà á gé òdo náà dànù. Ẹyọ mẹ́wàá á di mẹ́sàn-án, fún gbogbo oníbàárà pátá, ó sì lè má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni ìlà yìí, kì í ṣe iye, kó tó kó o wọlé. Ní Kétu, ọ̀rọ̀ náà tún lé kún, torí pé nọ́ńbà Nàìjíríà tó jẹ́ ẹyọ 11, tó ń fi òdo bẹ̀rẹ̀, wà nínú ìwé kan náà. Kí wọ́n fi +229 síwájú ti Benin, kí wọ́n sì fi +234 rọ́pò òdo tó ṣáájú ti Nàìjíríà ló dáa, kí ètò lè mọ ti ìhín yàtọ̀ sí ti ọ̀hún.

Ọjọ́ burú ju nọ́ńbà lọ. Tí akọ̀wé ní Kétu bá kọ 05/06/2026, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ló ń wí, bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́. Ètò tó ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún. Kò ní pariwo, torí pé ọjọ́ méjèèjì wà nínú kàlẹ́ńdà. Tí wọ́n bá fi 25/06 dán an wò, á kọ̀ ọ́, torí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n á sì tètè rí i. Nítorí náà, ọjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 12 lọ ni kí wọ́n fi dán ètò tuntun wò. Kí wọ́n mú ogún àyè tí wọ́n mọ̀ dáadáa, kí wọ́n wò wọ́n nínú ètò méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: orúkọ, ọjọ́, yàrá, àti ní pàtàkì jù lọ, owó àsansílẹ̀. Àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ máa ń rántí yàrá, wọ́n á gbàgbé pé ẹni tó gba yàrá ti san ìdajì owó láti orí Mobile Money. Oníbàárà kò ní gbàgbé.

Orúkọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ ní ìlú bodè. Ẹni tó ń jẹ́ Òjò, Odjo ni wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀ ní Benin. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní Ìmẹ̀kọ, Ojo ni tirẹ̀. Adéṣínà lè jẹ́ Adéchina ní òkè yìí, kó jẹ́ Adeshina ní òkè ọ̀hún, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ní ìwé méjèèjì. Ètò tuntun á kà á sí ènìyàn méjì. Bí ètò náà kò bá sì mọ àmì ohùn àti àmì abẹ́, á fi àmì ìbéèrè rọ́pò wọn, orúkọ ọmọlúàbí á wá rí bí ohun tí eku jẹ lára. Ọwọ́ ènìyàn ló ń tún èyí ṣe. Ọmọ ìlú tó mọ ẹbí sí ẹbí ló yẹ kó jókòó tì í, kí wọ́n má fi í fún ọmọ kọ̀ǹpútà láti Kútọ̀nú.

Kétu fúnra rẹ̀ mọ ìtumọ̀ kí àkọsílẹ̀ wà ní ju ibì kan lọ. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey wó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dahomey, tí àwọn tó kù padà wálé ní ọdún 1893 sí 1894, ilé ti jóná, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn Alákétu, ọba ìlú náà, kò sọnù. Ẹnu Baba Ẹlẹ́gùn, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ka orúkọ àwọn ọba síta nígbà ìwúyè, ni wọ́n wà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lórí káńtà kan ṣoṣo kò tó ẹnu kan. Ẹ̀dà kan lórí fláàṣì tí ọ̀gá ń mú lọ sílé, ẹ̀dà kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ètò àtijọ́ tí wọn kò tíì pa rẹ́ fún ó kéré tán ọdún kan: ìyẹn ló kéré jù.

Ọ̀pọ̀ ètò tuntun kì í gbé inú kọ̀ǹpútà mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ó ní àǹfààní púpọ̀. Bí olè bá jí kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀gá lè wà ní Àjàṣẹ́ kó máa wo yàrá rẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n láti Liberia títí dé Nàìjíríà, Benin sì wà lára wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ ìdìbò ìyẹn 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní Benin. Ọjọ́ tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò jí, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi olùtajà ni pé, bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọjọ́ méjì, ṣé akọ̀wé yóò ṣì rí orúkọ àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́ yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí akọ̀wé máa tẹ orúkọ àwọn àlejò ọ̀sẹ̀ kan síwájú sórí ìwé ní gbogbo àárọ̀. Ojú ewé kan ni.

Ọ̀rọ̀ owó orí kò gùn, ṣùgbọ́n ó gbóná. Ètò tí wọ́n ṣe fún Èkó á máa ka náírà, á sì máa yọ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba. Ní Benin, 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí náà, tí wọ́n ń pè ní TVA. Ìjọba Benin sì ti fi dandan lé e pé kí oníṣòwò máa já rìsíìtì tí ètò ilé-iṣẹ́ owó orí fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní facture normalisée. Ètò ìgbàyè tó dára gan-an, tó lẹ́wà, tí kò bá lè bá ètò yẹn sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé yóò máa kọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Òfin ìṣirò owó ti àjọ OHADA, tó de Benin, tún ní kí ilé-iṣẹ́ pa ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ìdí mìíràn nìyẹn tí wọn kò fi gbọdọ̀ ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ nù ní ọjọ́ tí tuntun dé. Orúkọ àti nọ́ńbà káàdì àwọn àlejò sì wà lábẹ́ òfin ìgbàlódé ilẹ̀ Benin, Code du numérique ti ọdún 2018, àjọ APDP ló ń mójútó o. Kí oníṣòwò bi olùtajà pé orílẹ̀-èdè wo ni àkọsílẹ̀ àwọn àlejò òun máa gbé.

Ó ku àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn gbájúẹ̀ pe òṣìṣẹ́ ogójì ilé ìtura ní United Arab Emirates, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà, lórí fóònù, wọ́n fi ọgbọ́n gba ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ìkànnì ìgbàyàrá Booking.com lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní 4,100. Kò sí kòkòrò kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi gbà á. Àwọn aláṣẹ Netherlands tún bu ìtanràn 475,000 yúrò lé Booking.com torí pé ó pẹ́ kó tó wá fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ ètò ni gbájúẹ̀ fẹ́ràn jù, torí pé òṣìṣẹ́ kò tíì mọ ohùn olùtajà, ẹni tó bá sì pè pé "láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò yín ni" ni wọ́n máa gbà gbọ́. Kí ọ̀gá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lórí fóònù, kódà kó jẹ́ òun alára. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan tí gbogbo ilé ń lò, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, wọ́pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ta ètò fúnni náà lè kógbá sílé. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Jovago, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àwọn ènìyàn máa gba yàrá ilé ìtura lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó di Jumia Travel ní ọdún 2016, Jumia sì jẹ́ orúkọ ńlá tó lówó lẹ́yìn. Ní ìparí ọdún 2019, Jumia pa á tì, ó darí àwọn oníbàárà sí Travelstart. Ilé ìtura tó fi gbogbo ìgbàyè rẹ̀ sọ́wọ́ orúkọ ńlá yẹn tún ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò tí ọmọ àdúgbò kan ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ léwu ju ìyẹn lọ, tó bá fi iṣẹ́ náà hàn ẹnì kejì. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe kò sì dáàbò boni tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti pààrọ̀ tiyín ní ọdún yìí, ẹ̀bẹ̀ kan la bẹ̀ yín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún olùtajà, ẹ ní kó kọ orúkọ mẹ́wàá tí ẹ fi lélẹ̀ sínú ètò rẹ̀ lójú yín: kí nọ́ńbà Benin àti ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, kí Òjò àti Odjo wà níbẹ̀, kí ọjọ́ 05/06 wà níbẹ̀, kí owó àsansílẹ̀ méjì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kó gbogbo wọn jáde padà sínú fáìlì tí ẹ lè gbé lọ fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá jáde bí wọ́n ṣe wọlé, ẹ bá a dúnàá dúrà. Bí kò bá rí i ṣe, tàbí tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ẹ bá ètò àtijọ́ yín lọ títí ẹ ó fi rí ẹlòmíràn.